Ipa àyípadà òfin lórí ìdíje àti ìnáwó nínú eré ìje ọkọ̀

Láti ìgbà dé ìgbà ni àwọn alákòóso eré ìje ọkọ̀ máa ń yí òfin ẹ́ńjìnnì, táyà, ara ọkọ̀ àti owó níná padà. Wọ́n ń ṣe é nítorí ààbò ẹ̀mí, kí ẹnì kan ṣoṣo má baà máa gbé ife lọ, àti kí ìnáwó má baà lé àwọn tíìmù kéékèèké kúrò lórí pápá. Ní Formula 1, eré ìje ọkọ̀ tó ga jù, tí ìdíje àgbáyé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950, àjọ FIA, tó ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ló ń ṣe òfin náà.

Òfin tuntun sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́n owó lápò tíìmù, kódà bó bá jẹ́ pé torí àtidín ìnáwó kù ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, nítorí iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá kò wúlò mọ́. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Òkun, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogi. Nígbà tí ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ ń fàyè sílẹ̀ fún èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, etí àti sípánà nìkan kò tó ṣiṣẹ́ mọ́ ní Kábbà tàbí Ìsánlú. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, síkánà ni wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárì kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó sì lówó rà á ni oníbàárà ń gbà lọ.

Ní ọdún 1966, òfin gbé ẹ́ńjìnnì Formula 1 láti lítà 1.5 sí lítà 3. Coventry Climax, tó ń ta ẹ́ńjìnnì fún ọ̀pọ̀ tíìmù, fi eré náà sílẹ̀. Ford wá fi 100,000 pọ́n-ùn ṣètìlẹ́yìn fún ilé iṣẹ́ Cosworth láti ṣe ẹ́ńjìnnì DFV, èyí tí awakọ̀ Jim Clark fi borí ní Zandvoort, ní Netherlands, lọ́dún 1967 nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e jáde. Láti ọdún 1968 ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn tíìmù mìíràn. Ìdíje 155 ni DFV jẹ, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ní ọdún 1983. Títà tí wọ́n tà á ló mú eré gún régé ju òfin fúnra rẹ̀ lọ.

Ti ọdún 2014 yàtọ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì V6 onítọ́bò tí iná mànàmáná ń ràn lọ́wọ́ gbówó lórí gan-an, Mercedes nìkan ló sì tètè mọ̀ ọ́n ṣe: ipò kìíní àwọn tíìmù di tiwọn fún ọdún 8 léraléra, títí di 2021. Ní ọdún 2014 yẹn kan náà ni gbèsè wọ tíìmù Caterham àti Marussia lọ́rùn, débi pé wọn kò lè lọ sí ìdíje Amẹ́ríkà.

Nígbà mìíràn, òfin kékeré ló ń ṣubú lu ọ̀gá. Ferrari jẹ 15 nínú ìdíje 18 ní ọdún 2004. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ táyà láàárín ìdíje; ẹyọ kan ni Ferrari rí jẹ nínú 19. Ní 2006, wọ́n dá pípààrọ̀ táyà padà.

Ìdènà tó kan owó gan-an dé ní ọdún 2021: mílíọ̀nù 145 dọ́là ni tíìmù kọ̀ọ̀kan lè ná lọ́dún, ó di 140 ní 2022, ó sì di 135 ní 2023. Owó oṣù awakọ̀ àti owó ẹ́ńjìnnì kò sí lára rẹ̀. Red Bull ré òfin náà kọjá lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n san ìtanràn mílíọ̀nù 7 dọ́là, FIA sì gé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára àkókò tí wọ́n ní láti fi afẹ́fẹ́ dán ara ọkọ̀ wò. Síbẹ̀, lábẹ́ òfin ara ọkọ̀ tuntun ti 2022, Red Bull jẹ 21 nínú ìdíje 22 lọ́dún 2023. Àfi ìgbà tí FIA kò fọwọ́ kan òfin ọ̀hún mọ́ ni àwọn yòókù tó bá wọn: ní 2024, awakọ̀ 7 láti tíìmù 4 ló jẹ ìdíje, McLaren sì gba ipò kìíní. Òfin mìíràn tún ń ran àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́: tíìmù tó bá ṣe ipò kìíní ni àkókò ìdánwò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń kéré jù, èyí tó gbẹ̀yìn ń gba púpọ̀ sí i.

Fún òfin ọdún 2026, wọ́n yọ MGU-H, ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kan tó le láti ṣe tó sì gbówó lórí, kúrò. Lábẹ́ òfin yìí ni Audi gbà láti wọlé. Láti ọdún 2023 ni àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà ti ní gbèdéke ìnáwó tiwọn, mílíọ̀nù 95 dọ́là lọ́dún, èyí tí wọ́n gbé sí 130 láti 2026.