Èrò tuntun kì í fi dandan wá látinú ariwo ìpàdé

Bí ẹgbẹ́ bá ń wá èrò tuntun, ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ ni pé ká kó gbogbo èèyàn jọ, kí oníkálukú máa sọ tẹnu rẹ̀, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sára pátákó. Bí ariwo bá ṣe pọ̀ tó la ṣe ń sọ pé ìpàdé náà dùn tó. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Alex Osborn, onípolówó ọjà ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín ọdún 1950 sí 1960. Brainstorming ló pè é. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bẹnu àtẹ́ lu èrò ẹlòmíràn, ìmọ̀ràn gidi nìyẹn. Àmọ́ ó tún ní èrò èèyàn máa ń di ìlọ́po méjì tó bá wà láàárín ẹgbẹ́.

Lọ́dún 1958, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Yale dán an wò. Wọ́n kó àwọn kan jókòó ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n bi wọ́n pé: ká ní àtàǹpàkò méjì ló wà ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan èèyàn, kí ni àǹfààní rẹ̀, kí sì ni wàhálà rẹ̀? Wọ́n ní kí àwọn mìíràn dá ronú, wọ́n wá da èrò ẹni mẹ́rin-mẹ́rin pọ̀. Èrò àwọn tó dá ronú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó jọ jókòó. Nígbà tó di 1987, àwọn olùwádìí méjì, Diehl àti Stroebe, ṣàlàyé ohun tó ń fà á: ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó o ṣe ń dúró kó kàn ọ́, tìrẹ á ti fò lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀wọ̀ àgbà tún wà ńbẹ̀. Mo bá àwọn aláró mẹ́jọ jókòó ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń wá ohun tuntun tí wọ́n lè fi àdìrẹ ṣe. Ìyá tó dàgbà jù ló kọ́kọ́ lanu: “Ẹ jẹ́ ká máa rán báàgì.” Ẹni tó tẹ̀ lé e ní báàgì ńlá. Òmíràn ní báàgì ọmọléèwé. Ẹ̀kẹta ní, “Bí Ìyá ṣe wí náà ni.” Odindi wákàtí kan, báàgì ló kún pátákó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀, ọmọdé wo ló fẹ́ ta kò ó?

Lọ́sẹ̀ kejì, mo pín bébà pélébé-pélébé fún wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sọ́rọ̀, kò sórúkọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ ya àwòrán. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́, ìró bírò nìkan là ń gbọ́. Nígbà tí mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, ó lé ní ọgbọ̀n. Wọ́n fi lẹ́tà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kọ ọ̀kan: ká gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń wá wo Òkè Olúmọ, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn rẹ aṣọ wọn sínú aró. Ìyá yẹn gbé e sókè. “Ta ló kọ èyí?” Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Kò la ẹnu rárá ní ìpàdé àkọ́kọ́.

Mi ò ní ká má pàdé mọ́. Osborn fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn tún dá ronú. Bernd Rohrbach ní Jámánì sì mú ọ̀nà kan wá lọ́dún 1968 tó pa méjèèjì pọ̀: èèyàn 6, oníkálukú á kọ èrò 3 láàárín ìṣẹ́jú 5, wọ́n á sún bébà sí ẹni tó kàn, ẹni yẹn á ka ti ẹnìkejì kó tó fi tirẹ̀ kún un. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà; lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èrò lè tó 108. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu wá wúlò, láti yẹ̀ wọ́n wò, láti so méjì pọ̀, láti mú èyí tó ṣeé ṣe.

Nígbà tá a tún pàdé, Ìyá kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gba bébà tirẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń kọ.