Bí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Akópa Ṣe Ń Tún Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ṣe

Tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ bá fẹ́ parí ní Iléṣà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń pín fọ́ọ̀mù èrò. Nígbà yẹn, àwọn tó ń lọ sí Òṣú àti Ilé-Ifẹ̀ ti gbé báàgì kọ́ apá, àwọn ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ń wo ojú ọ̀run kí òjò má baà ká wọn mọ́ ọ̀nà. Ìwé-ẹ̀rí wà lórí tábìlì, ẹni tó bá dá fọ́ọ̀mù padà ló máa gba tirẹ̀. Kí ni wọ́n máa kọ? "Ó dára gan-an. Ẹ kú iṣẹ́. Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́." Wọ́n á kó fọ́ọ̀mù sínú fáìlì, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìròyìn pé inú gbogbo ènìyàn dùn, ti ọdún tó ń bọ̀ á sì rí bákan náà.

Àwọn akópa ò purọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn: ẹni tó gbà ọ́ lálejò, o ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá nígbà tí orúkọ rẹ bá wà lókè ìwé tí ọ̀gá rẹ sì jókòó tì ọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Fọ́ọ̀mù tí kò ní orúkọ, tí wọ́n ń jù sínú àpótí lẹ́nu ọ̀nà, tí kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú gbígba ìwé-ẹ̀rí, á mú òótọ́ jáde ju èyí lọ.

Ohun kejì ni pé ìdùnnú akópa kò fi hàn pé ó kọ́ nǹkan kan. Ní 1970, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Donald Naftulin, John Ware àti Frank Donnelly, mú òṣèré kan, wọ́n fún un ní orúkọ Dókítà Fox, wọ́n sì ní kó wá kọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ àtàwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lórí kò nídìí, àmọ́ ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa àwàdà. Nínú àwọn ènìyàn 55 tó gbọ́ ọ, lójúkojú tàbí nínú fídíò, ọ̀pọ̀ jù lọ ló yìn ín. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 1973. Láti 1959 ni Donald Kirkpatrick ti pín àyẹ̀wò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele mẹ́rin: ṣé inú wọn dùn, ṣé wọ́n kọ́ nǹkan, ṣé wọ́n ń lò ó níbi iṣẹ́, ṣé iṣẹ́ náà sì dára sí i. Fọ́ọ̀mù ìrọ̀lẹ́ kì í sábà kọjá ìpele àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, lórí bí wọ́n ṣe ń dóòlà ọmọ tuntun tí kò mí. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn tí wọ́n bí i ló yẹ kí wọ́n ti máa fi àpò àti ìbòmú fún un ní afẹ́fẹ́. Ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, etí lásán kò lè kọ́ ọ. Tí wọ́n bá béèrè pé, "Ṣé ẹ gbádùn ẹ̀kọ́ yìí?", gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá béèrè pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àpò náà fún ọmọláńgidi?", àṣírí á tú. Ká ní 40 akópa ló pín ọmọláńgidi méjì, tí àwọn ọ̀gá sì wà níwájú, àwọn tó jókòó sẹ́yìn á kọ òdo. Òdo yẹn níye lórí ju ìyìn ogún ènìyàn lọ, torí ó sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: ẹ wá ọmọláńgidi sí i, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, ẹ sì gé wákàtí tí wọ́n fi ń kí àwọn àlejò pàtàkì lọ́kọ̀ọ̀kan kúrú. Ìkíni náà dára, àmọ́ ẹ̀mí ọmọ ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Àwọn fọ́ọ̀mù kan máa ń ní kí akópa kọ nọ́ńbà láti 1 (kò dára rárá) dé 5 (ó dára gan-an). Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìpíndọ́gba wọn jù. Látìgbà tí Rensis Likert ti gbé irú òṣùwọ̀n onípele márùn-ún yìí kalẹ̀ ní 1932 ni wọ́n ti ń lò ó kárí ayé. Bí 20 akópa bá kọ 5 sí ìyára ìkọ́ni, tí 20 yòókù kọ 1, ìpíndọ́gba á jẹ́ 3, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ 3 rárá. Ẹ wo ibi iṣẹ́ wọn: ó lè jẹ́ pé àwọn ti ilé ìwòsàn ńlá ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rèé fún àwọn ti ìlera alábọ́dé. Kíláàsì méjì ló yẹ wọ́n.

Tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ju ọjọ́ kan lọ, ìwé pélébé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ti tó: kí ni kò yé yín, kí ni ká yí padà lọ́la? Àwọn olùkọ́ á kà á lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á sì tún ti ọ̀la ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí ló yára jù láti mú àǹfààní wá, torí ẹni tó ráhùn gan-an ló máa jẹ ẹ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó le jù. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló máa ń lóṣòó sílé ẹni tó ra aṣọ láwìn títí owó á fi jáde. Irú ìforítì bẹ́ẹ̀ ni olùṣètò nílò láti fi pe àwọn akópa padà lórí fóònù. Ìbéèrè méjì péré ni: kí lẹ ti lò nínú ẹ̀kọ́ náà, kí sì ni kò jẹ́ kí ẹ lo ìyókù? Ẹnì kan lè dáhùn pé àpò afẹ́fẹ́ wà, àmọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, kọ́kọ́rọ́ sì ń bẹ lọ́wọ́ mátíróònù tó ti lọ sílé. Bí wọ́n dá agbẹ̀bí yẹn lẹ́kọ̀ọ́ nígbà mẹ́wàá, kọ́bọ́ọ̀dù ò ní ṣí. Lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwòsàn ló kù.

Nínú ìwé ìpè sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ̀ lé e, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n yí padà nítorí ọ̀rọ̀ àwọn akópa: ọmọláńgidi ti di mẹ́jọ, kíláàsì ti di méjì, aago méjì ọ̀sán la máa parí. Kí wọ́n kọ èyí tí wọn ò lè ṣe pẹ̀lú, irú bíi owó ibùsùn fún àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀.