Òjò tí ẹ kò rí ló ń pani nínú àfonífojì aṣálẹ̀

Ẹni kẹta rèé lóṣù yìí tó na fóònù sí mi lójú, tí àwòrán oòrùn wà lórí rẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ wò ó, kò sójò lónìí." Ìlú tó sùn mọ́jú ló wò, kò wo òkè odò. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń mú èèyàn lọ sùn nínú Paria Canyon, àfonífojì àpáta tí odò Paria ń gbà kọjá, ní ààlà Utah àti Arizona ní Amẹ́ríkà, mi ò sì tíì fi ẹnì kan sílẹ̀ síbẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Ti bàtà àti báàgì, ẹ bi ẹni tó ń tà á. Ti ìwé àṣẹ, èèyàn 20 péré ni wọ́n ń gbà láti sùn níbẹ̀ lóòjọ́, torí náà ẹ tètè wá tiyín. Omi odò náà kún fún ẹrẹ̀. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Ó tán.

Àgbàrá lọ̀rọ̀ mi. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í mumi bí ilẹ̀ oko, nítorí àpáta ló pọ̀ jù, koríko ò sì tó nǹkan. Òjò ńlá tó bá rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í ráyè wọlẹ̀. Ara àpáta ló máa ń gbà ṣàn wálẹ̀, ojú àgbàrá kéékèèké á da tiwọn pọ̀, gbogbo rẹ̀ á wá forí lé ọ̀nà kan ṣoṣo. Inú ọ̀nà yẹn gan-an lẹ wà. Buckskin Gulch, àfonífojì tóóró tó já sínú Paria, gùn ju kìlómítà 20 lọ, àwọn ibì kan sì wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi ọwọ́ kan ògiri ọ̀tún àti tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tí ì bá mu yín dé ọrùn ẹsẹ̀ ní gbangba, tó bá kó sí ọ̀nà ọ̀fun bẹ́ẹ̀, á bò yín mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí ìtì igi tó há sáàárín ògiri méjèèjì, lókè orí yín réré. Kò sí èèyàn tó gbé e síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, arìnrìn-àjò 11 kú nínú Antelope Canyon, lórí ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, nítòsí ìlú Page ní Arizona. Ọ̀nà jíjìn, lókè odò, ni òjò tó pa wọ́n ti rọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, èèyàn 7 wọ Keyhole Canyon ní Zion, ọgbà ìjọba kan ní Utah. Wọ́n gba ìwé àṣẹ. Kò sì sí ìkankan nínú wọn tó jáde láàyè. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní í gbà fún un. Nínú àfonífojì yìí, kò sí onílé kankan tó máa ní òun ò gbà.

Àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ́ yín pé ẹ ó gbọ́ ìró omi kó tó dé. Ẹ lè gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ níbo lẹ fẹ́ sá gbà? Agbedeméjì Buckskin nìkan lèèyàn ti lè pọ́n àpáta jáde. Àwọn yìí kan náà ló ní kí ẹ gé cactus, igi ẹlẹ́gùn-ún inú aṣálẹ̀, mu tí òùngbẹ bá dé. Èébì ni yóò fi gbé yín, omi tó ṣẹ́ kù lára yín á sì bá èébì náà lọ. Ẹ dákun, ẹni tí kò sùn nínú aṣálẹ̀ rí kọ́ ni kó máa kọ́ yín ní èyí.

Láti oṣù Keje dé Kẹsàn-án, tí òjò àrá máa ń já lọ́sàn-án, mi ò mú ẹnikẹ́ni wọ Buckskin, iye yòówù kó san. Ní oṣù yòókù, mo máa ń wo ojú ọjọ́ títí dé agbègbè Bryce Canyon, níbi tí Paria ti ṣàn wá. Tí mo bá sì fẹ́ pàgọ́, mi ò wo yanrìn tó tẹ́jú rẹrẹ tí ojú gbogbo yín máa ń wọ̀. Ta lẹ rò pé ó tẹ́ ẹ?

Ọkọ àti ìyàwó kan wà tí mo mú lọ lóṣù Kẹwàá. Ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run. Ọkọ bínú pé mo ní ká gbé ẹrù gun òkè àpáta nígbà tí yanrìn rírọ̀ wà nísàlẹ̀. Ó gbé e, ó ń kùn, ó sì fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lórí yanrìn kó lè gbẹ. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, òórùn ẹrẹ̀ ló jí mi. Lẹ́yìn náà ni ariwo dé, bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́wàá bá ń sáré bọ̀ lórí òkúta. A tan iná sísàlẹ̀. Kò sí yanrìn mọ́, omi pupa ló kún ibẹ̀ láti ògiri dé ògiri, tó ń gbé igi lọ. Ẹ̀kán òjò kan ò ta sí wa lára.

Ìyàwó rẹ̀ di apá mi mú, kò sì fi sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó kọjá ọ̀sán kí omi tó fà tó ohun tí a lè wọ́ kọjá. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti okùn àgọ́ ni mo fi di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ kó tó lè rìn jáde.