Etí tó ń hó yee: ariwo tó fà á lè ti pẹ́ o

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ládùúgbò wa tó ń bá wọn lọ ata, ọdún 17 ló ti ń dúró ti ẹ̀rọ yẹn, èyí tó ń mu díísù, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti yí i báyìí ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń sọ mọ́ àfi tó bá pariwo mọ́ yín létí. Lọ́jọ́ kan ó ní etí òun ń hó yee lóru, kò jẹ́ kí òun rí oorun sùn. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín yìí ni o. Ó fi mí rẹ́rìn-ín gan-an. Ó ní "Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, ṣebí ọjọ́ tí mo gbé e dé ló yẹ kí etí mi ti hó? Kí ló wá ń dúró dè fún ọdún 17?" Ó ní ẹnì kan ló ń sọ òun níbì kan, òun tiẹ̀ mọ ẹni náà, ó jẹ òun lówó.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ èèyàn yẹn, mi ò bá a jà, ìyá mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù yẹn ló ń dùn mí, torí mo ń gbọ́ ọ káàkiri, lẹ́nu díjè, lẹ́nu wẹ́dà, lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń ki íápíìsì bọ etí sùn: pé ariwo tí ò bá mú etí hó lójú ẹsẹ̀, kò ṣe etí ní nǹkan kan. Ó tún ní ìbejì, pé tó bá hó tó sì dákẹ́, ó ti tán nìyẹn. Irọ́ ni méjèèjì.

Òótọ́ ni pé ó lè bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi àwọn ọdẹ. Ìbọn tó bá dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí máa ń kọjá 140 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ti tó, kí èéfín tó lọ tán etí ti lè máa hó. Báńgà ọdún Kérésì náà bẹ́ẹ̀, àti táyà tírélà tó bẹ́ níwájú ẹni tó ń fún un ní afẹ́fẹ́. Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ ìbọn yìí tó máa ń yà mí lẹ́nu: ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yìnbọn, etí òsì rẹ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́ jù, torí tó bá ti gbé ìdí ìbọn lé èjìká ọ̀tún tó tẹ orí sí i, etí òsì ló kọjú sí ẹnu ìbọn, orí rẹ̀ á sì bá etí ọ̀tún gba díẹ̀ nínú ariwo yẹn dúró.

Ti òde àríyá yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ lọ síbi òkú àgbà kan ní Sátidé, wọ́n gbé tábìlì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, irú èyí tó ga ju èèyàn lọ tí báàsì rẹ̀ ń mi ọbẹ̀ nínú abọ́. Ẹ jókòó síbẹ̀ láti aago 2 dé aago 7. Etí ò hó. Ẹ wọ dánfó, ẹ́ńjìnì ń dún, kọ̀ndọ́ ń pariwo Ọ̀jọ́ta, Ọ̀jọ́ta, etí ò hó. Ẹ délé, jẹnẹrétọ̀ alájọgbé yín ń ké. Ẹ wẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀, alájọgbé bá pa jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, ló bá di yeeeee. Ẹ ò wá ní dárúkọ sípíkà rárá, ẹ ó ní àárẹ̀ ni, tàbí ọtí tẹ́ ẹ mu. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé àti aago 3 ọ̀sán ló ti ń hó, ariwo ló bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ.

Ní 1953, àwọn méjì kan ní Amẹ́ríkà, Heller àti Bergman, mú èèyàn 80 tí etí wọn dá ṣáká, wọ́n ní kí wọ́n wọ yàrá tí ariwo kankan ò lè wọ̀, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, 94 ló gbọ́ nǹkan. Nínú yàrá tí nǹkan kan ò dún o! Tẹ́ ẹ bá wá rò ó pé àdúgbò wa ò fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́ rí, ẹ máa mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi mọ ìgbà tí tiwọn bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀lé àríyá sábà máa ń dákẹ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ibẹ̀ ni irọ́ kejì yẹn ti rí ẹsẹ̀ gbé. Lẹ́yìn awọ etí, nínú lọ́hùn-ún, nǹkan kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín, inú rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tíntìntín wà, bíi 15,000 nínú etí kan, àwọn ló ń gba ohùn tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Tí ariwo bá pọ̀ jù, irun yẹn á sùn lélẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí òjò ńlá pa. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ó lè dìde. Ṣùgbọ́n tí òjò yẹn bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa kú, èyí tó bá sì kú lára èèyàn kì í hù mọ́. Ti adìyẹ máa ń hù padà o, adìyẹ tá a fẹ́ pa jẹ lọ́la!

Kódà èyí tó dìde yẹn, ẹ má fọkàn tán an tán. Ní 2009, àwọn onímọ̀ méjì tó ń ṣèwádìí etí, Kujawa àti Liberman, ní Boston fi ariwo 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lu àwọn eku fún wákàtí 2 péré. Etí eku wọn di, ó tún là, tẹ́ẹ̀sì ní ó ti dáa. Nígbà tí wọ́n wá fi máíkírósíkóòpù wo inú ẹ̀, ojú ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ti so mọ́ iṣan tó ń lọ sọ́pọlọ ti já, níbòmíì ó tó ìdajì. Eku ni, mo mọ̀, àmọ́ ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ pé "ṣebí ó ti dákẹ́".

Híhó yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ọpọlọ tó ń retí ohùn tí kò rí i gbà mọ́ á yí fólúùmù tiẹ̀ sókè, bí ẹni tó yí rédíò tí ò mú stéṣọ̀n sókè, kí ló fẹ́ gbọ́ bí kò ṣe ṣììì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ẹ̀gbọ́n pé nǹkan kan ò dúró de ọdún 17. Ẹ̀rọ yẹn ń ṣe bí alájọ, ojoojúmọ́ ló ń gba díẹ̀ lọ́wọ́ etí, kò kàn ní kó o fún yín níparí oṣù ni. Ọjọ́ orí náà tún ń mú tiẹ̀, nítorí náà ẹlòmíì ti fi iṣẹ́ aláriwo sílẹ̀ tipẹ́ kí etí ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Láàárín àwọn tó ti ṣe sójà rí ní Amẹ́ríkà, etí híhó yìí ló pọ̀ jù nínú àìlera tí ìjọba ń sanwó lé lórí, wọ́n ju 2,000,000 lọ, àríyànjiyàn "ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀" yìí ò sì tán nílẹ̀ wọn.

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ariwo ti pọ̀ jù? NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 8 lópin, tó bá fi 3 lé e, ẹ pín wákàtí yẹn sí méjì, tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Ẹ ò ní ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa fi wọ̀n ọ́n? Tẹ́ ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tẹ́ ẹ lè nawọ́ kàn tó gbọ́, ó ti pọ̀ jù.

Ẹ má da àdí gbígbóná sí etí tó ń hó, ibi tó bàjẹ́ wà lẹ́yìn awọ etí, àdí ò dé ibẹ̀. Òwú téèyàn ń ki bọ etí náà, díẹ̀ báyìí ló ń dín kù nínú ariwo.

Kì í ṣe gbogbo híhó ni ti ariwo ṣá. Àwọn àgbà tó mu kinín fún ibà nígbà kan mọ bó ṣe ń ho etí, aspirin tó pọ̀ náà ń ṣe é, ìdọ̀tí etí tó dí náà ń ṣe é. Èyí tó bá ń lù kì kì kì tẹ̀lé àyà yín, ẹ lọ rí dókítà. Tí etí kan bá ṣàdédé di, ẹ má dúró kó là fúnra ẹ̀, ọjọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ ti wà lọ́dọ̀ dókítà etí, torí oògùn tí wọ́n ń lò fún un, tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ti gba ìbotí tí mo rà fún un, èyí tó dà bí ti àwọn tó ń gé irin. Àwọn oníbàárà ní ó ti di òyìnbó. Etí ẹ̀ ṣì ń hó. Ó ní òun máa ń tan fáànù tí òun bá fẹ́ sùn, kí nǹkan míì máa dún, ìgbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ ni òun máa ń tún gbọ́ ọ.