Bí èèrà ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà àbùjá

Da ṣúgà díẹ̀ sórí tábìlì kí o fi sílẹ̀. Èèrà kan á kọ́kọ́ yọjú, á máa rìn gbéregbère bí ẹni tó ṣìnà. Kò ní pẹ́ tí wọn á fi tò gbọọrọ láti ẹsẹ̀ ògiri dé ìdí ṣúgà. Wá fi àkísà tútù nu ibì kan láàárín ìlà náà. Àwọn tó ń bọ̀ á dúró gbọnin, wọn á máa fi ìwo tín-ín-rín orí wọn wá ilẹ̀ kiri.

Òórùn ni àkísà nù kúrò. Èèrà tó bá rí oúnjẹ a máa kán oje kan sílẹ̀ bó ṣe ń padà sílé, oje tí imú tiwa kò lè gbọ́. Pheromone ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èyí tó bá tẹ̀ lé òórùn náà á fi tirẹ̀ kún un. Kò sí ọ̀gá tó ń pàṣẹ. Ìyá wọn wà nínú ihò, ẹyin ló ń yé.

Ní 1989, Simon Goss, Jean-Louis Deneubourg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Brussels ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n fi afárá onílà méjì sáàárín ilé èèrà àti oúnjẹ, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Èèrà kọ́kọ́ pín sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ọ̀nà kúkúrú ló kọ́kọ́ lọ tó sì kọ́kọ́ bọ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni òórùn ti yára le. Láìpẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, bẹ́ẹ̀ ìkankan nínú wọn kò wọn ọ̀nà wò. Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá o: bó bá jẹ́ ọ̀nà gígùn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀, tí a wá ṣí èyí tó kúrú lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í yà síbẹ̀. Òórùn àtijọ́ ti mú wọn.

Marco Dorigo, ọmọ Ítálì, gbé ọgbọ́n yìí wọ kọ̀ǹpútà nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Milan, 1992. Ẹ wo oníṣòwò tó fẹ́ dé ìlú 10, kó dé ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kó sì padà sílé: ọ̀nà 181,440 ló lè gbà. Bí ìlú bá di 15, ó lé ní bílíọ̀nù 43. Èèrà Dorigo, nọ́ńbà lásán ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yan ìlú tó kàn nípa bó ṣe sún mọ́ tòsí àti bí òórùn ojú ọ̀nà ibẹ̀ ṣe tó. Bí ó bá yí i ká tán, bí ìrìn rẹ̀ bá ṣe kúrú tó ni òórùn tó máa fi sílẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó.

Ibi tó dùn jù nìyí: lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á bu díẹ̀ kúrò nínú gbogbo òórùn. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà á parẹ́. Bí ó bá ń parẹ́ jù, wọn kò ní rántí ohunkóhun. Bí kò bá parẹ́ tó, gbogbo wọn á lẹ̀ mọ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ tó dára díẹ̀.

Ní 1998, Dorigo àti Gianni Di Caro fi irú èèrà yìí darí dátà lórí àwòṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà àti ti Japan. AntNet ni wọ́n pè é. Èèrà ibẹ̀, ìránṣẹ́ kékeré ni: èyí tó ń lọ a máa tò sórí ìlà bíi dátà yòókù, kó lè mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe pọ̀ tó. Tó bá ń padà bọ̀, wọ́n á jẹ́ kó fo gbogbo ìlà kọjá, kí ìròyìn rẹ̀ lè dé kó tó kàsì.