Ṣé Òótọ́ Ni Pé Aràn Tó Bá Ti Pẹ́ Lára Kì Í Ṣeni Ní Nǹkan Kan Mọ́?

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀ ló gbà pé kò sí ẹni tí kò ní aràn nínú, àti pé èyí tó bá ti pẹ́ lára ènìyàn, ara ti gbà á mọ́ra, kò sì lè pa á lára mọ́. Bí ọmọkùnrin bá ń tọ̀ ẹ̀jẹ̀, àwọn kan á ní ó ń bàlágà ni. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá sì dá, wọ́n á ní ó ti tán. Ìgbàgbọ́ yìí léwu gan-an, pàápàá nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ara máa ń dákẹ́. Aràn àtọ̀sí ajá, èyí tó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀ ẹ̀jẹ̀, tí àwọn olùwádìí ti rí lára àwọn ọmọ ní Ìpògùn tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, máa ń jáde láti ara ìgbín kéékèèké inú omi, á gba awọ wọ ara ẹni tó bá wọ odò náà, á sì lọ tẹ̀dó sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká. Ó sábà máa ń lo ọdún 3 sí 10 níbẹ̀, a sì ti rí èyí tó lò ju 30 ọdún lọ. Báwo ni ohun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan ṣe lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn ọmọ ogun ara, kún inú rẹ̀? Ó ń fi èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń gbé lára rẹ̀ bo ara rẹ̀, kí ètò ààbò ara má baà dá a mọ̀ ní àjèjì. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń mú kí irú sẹ́ẹ̀lì funfun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá àwọn yòókù lọ́wọ́ kọ́ pọ̀ sí i, àwọn yẹn sì ń tú èròjà tí à ń pè ní IL-10 jáde, èyí tó ń rọ ìjà ara lójú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ká mi lára nìyí: ìdálọ́wọ́kọ́ náà kì í mọ sórí aràn nìkan. Ní Ethiopia, àwọn olùwádìí rí i pé àwọn tí wọ́n fún ní oògùn aràn inú ìfun kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ BCG, tó wà fún ikọ́ ife, ni ara wọn dáhùn sí abẹ́rẹ́ náà dáadáa ju ti àwọn tí aràn ṣì wà nínú wọn lọ. Abẹ́rẹ́ tí ìyá tò fún wákàtí púpọ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó gbà lè má ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ nítorí aràn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí.

Lóòótọ́, ìdálọ́wọ́kọ́ yìí lè ní àǹfààní díẹ̀: ìwádìí kan ní Gabon fi hàn pé àwọn ọmọ tó ní àtọ̀sí ajá kì í tètè ní ìhùnsí ara (aléjì) sí kòkòrò inú eruku ilé. Ṣùgbọ́n ẹyin aràn náà kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹyin tó ń yé lójoojúmọ́ ni kì í bá ìtọ̀ jáde; ara àpò ìtọ̀ ló ń há sí, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun á rọ̀gbà yí i ká, ibẹ̀ á sì di àpá líle. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, èyí lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, láìjẹ́ pé ìrora ńlá ti kọ́kọ́ kìlọ̀.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló ń fi ẹyin náà hàn. Oògùn praziquantel, tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ara tàbí gíga ọmọ díwọ̀n, ló ń pa aràn tó ti dàgbà. Kò lè pa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kò sì ní kí òmíràn má wọlé bí ọmọ bá tún padà sí odò kan náà, nítorí náà ó yẹ kí a tún ìtọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀.