Bí àbá iṣẹ́ Wikimedia ṣe ń rìn kó tó di owó

Ká sọ pé àwọn olóòtú Wikipedia mélòó kan fẹ́ ya àwòrán àwọn ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ sí Èkó, kí wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sórí Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ń kó àwòrán sí. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, dátà wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀. Wikimedia Foundation, àjọ tó wà lẹ́yìn Wikipedia, ní owó kan tí wọ́n ń pè ní Rapid Fund fún irú iṣẹ́ kékeré báyìí, láti 500 dọ́là Amẹ́ríkà dé 5,000. Kò sí pé èèyàn ń wọ aṣọ ńlá lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀. Ìwé àbá ni yóò sọ̀rọ̀, gbangba ni ìwé náà yóò sì wà, lójú ewé kan lórí Meta-Wiki (Meta ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú), ojúlé tí àwọn oníṣẹ́ Wikimedia ti ń ṣètò iṣẹ́ wọn, tí ẹnikẹ́ni níbikíbi lè kà, kó sì béèrè ohun tí kò yé e.

Ẹni tó máa kà á lè má mọ Èkó rí. “A fẹ́ gbé àṣà wa lárugẹ” kò sọ nǹkan kan fún un. Ilojo Bar ní Tinúbú ló máa yé e: ìjọba kéde ilé náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Gbólóhùn kan yìí ti dáhùn ìdí tí iṣẹ́ náà kò fi lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí àbá ka àwọn tó ṣì wà nílẹ̀, bíi Water House ní òpópónà Kakawa àti mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, kó sọ èyí tí àwòrán rẹ̀ ti wà lórí Commons àti èyí tí kò sí, èyí tí Wikipedia Yorùbá ti ní àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ àti èyí tí kò tíì ní. Àwọn òǹkàwé Meta fẹ́ràn irú ìṣirò yìí ju ọ̀rọ̀ dídùn lọ.

Ètò ìnáwó ni wọ́n máa ń gbá mú jù. Ìlà tí wọ́n bá pè ní “oríṣiríṣi” kò ní lọ láìgba ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà tún wà, èyí tó ń sọ bí ẹlòmíràn ṣe lè lo àwòrán: Commons kì í gba àwòrán tí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má fi ṣòwò. Ayàwòrán tó ń fi kámẹ́rà jẹun gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó jáde nílé pé oníkàlẹ́ńdà lè lo àwòrán òun láìsan kọ́bọ̀, tó bá ṣáà ti dárúkọ òun tó sì tẹ̀ lé ìwé àṣẹ náà.

Kíkọ àbá tààrà sórí Meta kì í rọrùn fún ọwọ́ púpọ̀. Wiki, irú ojúlé tí Meta jẹ́, máa ń fún olúkúlùkù ní ẹ̀dà ojú ewé náà. Yóò kọ tirẹ̀, yóò sì fi pamọ́. Tí ẹni méjì bá tún ìpínrọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, ẹ̀rọ sábà máa ń pa á pọ̀. Tó bá jẹ́ ìlà kan náà ni wọ́n jọ fọwọ́ kàn, ẹni tó fi pamọ́ kẹ́yìn ló máa rí ìkìlọ̀ pé iṣẹ́ ti forí gbárí, òun náà ló sì máa jókòó tú u.

Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú Google Docs tàbí Etherpad, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti lè jọ kọ ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ojúlówó fáìlì kò sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Orí sẹ́fà, kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lókèèrè, ló wà, ohun tí wọ́n ń pè ní cloud. Ohun tí èèyàn bá tẹ̀ ń lọ síbẹ̀ bí àṣẹ kéékèèké: fi èyí sí ipò báyìí, yọ ìyẹn kúrò ní ipò báyìí. Ẹ wo ìlà yìí: “Owó epo: 40,000”. Ẹnì kan ní Yábàá fi “Iye” àti àlàfo kan síwájú rẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹlòmíràn ní Ìbàdàn, tí kò tíì rí ohun tí ará Yábàá ṣe, fẹ́ sọ 4 di 6. Lójú tirẹ̀, tí a bá ka àlàfo mọ́ ọn, 4 ló wà ní ipò kẹwàá, nítorí náà àṣẹ rẹ̀ ni pé: yọ ti ipò kẹwàá, fi 6 rọ́pò. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ti wọlé láti iwájú. Tí sẹ́fà bá ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, “p” ló máa yọ, ìlà náà á sì di “Iye Owó e6o: 40,000”. Ohun tó ń ṣe ni pé, nígbà tó rí i pé àṣẹ ará Yábàá ti ṣáájú, ó fi mẹ́rin kún ipò kẹwàá, ó di kẹrìnlá, 6 sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Ellis àti Gibbs, ti tẹ ọgbọ́n yìí jáde láti 1989, kí Google tó dáyé.

Fún àwa tó ń kọ Yorùbá, kíkà lẹ́tà báyìí ní wàhálà tirẹ̀. “Ọ̀” tí ojú ń rí bí ẹyọ kan, ó kéré tán méjì ni lójú kọ̀ǹpútà, torí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún un. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ́kọ́ fi àmì sí ìsàlẹ̀, òmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wọn kò yàtọ̀ lójú, síbẹ̀ ẹni tó ń wá “ọkọ̀” nínú ìwé lè má rí èyí tí ẹlòmíràn tẹ̀. Wiki máa ń tò wọ́n sí ọ̀nà kan náà kó tó fi wọ́n pamọ́. Kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ipò mẹ́ta ni Google Docs fi ń pín àyè: ẹni tó lè wò nìkan, ẹni tó lè sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, àti ẹni tó lè yí i padà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni jíju lìǹkì tó ní àṣẹ àtúnṣe sórí WhatsApp. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún àtúnṣe. Kí àwọn yòókù máa dábàá, kí ẹni tó ni ìwé máa gbà á wọlé. Ìtàn àtúnṣe wà níbẹ̀, tí ìpínrọ̀ bá sọ nù, a máa rí ẹni tó yọ ọ́, a ó sì lè dá a padà. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í dúró, kó ti tan ìlò aláìsí-íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹni tó dá fáìlì Google Docs náà sílẹ̀ ló ni ín. Tó bá pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, fáìlì lè bá a lọ. Láti oṣù kejìlá 2023 ni Google sì ti lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún méjì rẹ́. Torí náà, nígbà tí àbá bá ti pé, wọ́n á kó o lọ sórí Meta, níbi tí kò ti so mọ́ àkáǹtì ẹnì kankan. Ibẹ̀ ni ìbéèrè àwọn àjèjì ti máa bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìròyìn iṣẹ́ àti owó tí wọ́n ná yóò padà sí nígbà tí àwòrán bá ti délé.